Ọ̀bẹ Ti Ara Mi Kí Iṣu Tuntun Tó Wọlé

Savalou, Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Keje

Òjò kò dá láti àárọ̀. Pàtírọ́n kó gbogbo àwa ará ilé ìdáná jọ sábẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé, ó ní ọ̀bẹ ilé àlejò òun ti ń sọnù jù, òun kò ní ra òmíràn mọ́. Láti ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ gé nǹkan níbí yóò mú ọ̀bẹ ti ara rẹ̀ wá. Ó ní ọ̀bẹ gidi lòun ń wí, irú èyí tí àwọn ọ̀gá alásè ń lò, kì í ṣe èyí tí ìyá ẹni fi ń bẹ iṣu. Ẹni tí kò bá ní, ìkòkò ń dúró dè é.

Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ìkòkò, ojú mi ló wò.

Ọdún méjì ni mo fi fọ ìkòkò nínú ilé yìí. Oṣù kẹrin rèé tí Tàǹtí Léontine, ọ̀gá wa nídìí iná, ní kí n nu ọwọ́ mi kí n wá síbi pátákó, kí n máa gé àlùbọ́sà. N kò padà sídìí ìkòkò. Àwọn àlejò ọdún iṣu yóò dé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ibi pátákó ni wọn yóò ti bá mi.

Ti Prince, tí àwa méjèèjì jọ ń gé nǹkan níbi pátákó, yàtọ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ alásè nílé ẹ̀kọ́ ní Cotonou. Ọ̀bẹ mẹ́ta ló ní, ó ká wọn sínú aṣọ bí ọmọ tuntun.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje

Owó sẹ́fà tí mo ní: ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Ọ̀bẹ tó wà nínú àpótí gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀nà ọjà: ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ní kí ọkùnrin náà jẹ́ kí n gbé e wò. Ó wo bàtà mi. "Owó ni kí o kọ́kọ́ gbé wá."

Ó dáa. Kí òun àti ọ̀bẹ rẹ̀ jọ máa gbé inú gíláàsì.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Keje

Mo bi Tàǹtí bí ènìyàn ṣe ń yan ọ̀bẹ. Ó ń yọ ìfun adìẹ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ra yín ni, ìwọ àti ọ̀bẹ?"

"Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, Tàǹtí. Ìyàwó lè bínú lọ kó tún padà wá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yà Mahi ni, àmọ́ ó gbọ́ èdè wa ju àwọn ọmọ wa kan lọ. Ó gbé ọ̀bẹ tirẹ̀ sórí pátákó, ó ní kí n mú un. "Gbé e lé ìka kan, níbi tí irin ti pàdé èèkù. Bó bá ṣubú lulẹ̀ gbì, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ó yá, dì í mú bí ẹni tó ń gé nǹkan. Ṣé egungun ìka rẹ ń kan pátákó? Kò kàn án. Bó bá ń kàn án, irin náà kò fẹ̀ tó. Kí o sì wò ó bóyá irin náà gba inú èèkù dé ìdí. Èyí tó bá dúró lágbedeméjì, ọjọ́ tí o bá ń gé egungun ewúrẹ́ ló máa já ọ jù sílẹ̀."

"Dídán ńkọ́?"

"Dídán? Ṣíbí náà ń dán."

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Keje

Ìyá mi pè láti Koko, abúlé wa. Ó ní kí n ra ọ̀bẹ ẹgbẹ̀rún méjì, kí n fi ìyókù ra bàtà. Mo ní rárá. Ó ní orí kunkun bàbá mi ló ń bá mi jà. Mo ní ẹ ṣé.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje

Mo rí i.

Inú òkìtì ẹrù àlòkù ló wà, níwájú Wassila, ẹni tó ń ta àwo àti ìkòkò òyìnbó tí wọ́n ń kó wá láti Cotonou. Ọ̀bẹ gígùn, ojú rẹ̀ fẹ̀, irin gba inú èèkù dé ìdí, ìṣó mẹ́ta ló dì í mú. Mo gbé e lé ìka, kò mì. Àmọ́ ó ti tẹ̀ láàárín bí ìrù ẹja.

"Èló ni èyí?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá."

"Wassila, ó tẹ̀."

"Ìwọ náà tẹ̀, ìyá rẹ ò tà ọ́ ní ẹ̀dínwó."

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí fi ẹ̀rín pa mí. Mo ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ó ní kí n lọ bi àwọn tó ń ta ọkọ́. Mo dìde, ó pè mí padà. Mo dìde lẹ́ẹ̀kejì, ó tún pè mí, ó ń ṣépè fún ọjọ́ tí òun rí mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àbọ̀ la parí ẹ̀ sí. Ó gbé e sílẹ̀ kí n fúnra mi mú un, nítorí a kì í fi ọ̀bẹ lé ara wa lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Keje

"Ọ̀bẹ nìyẹn àbí dòjé?" Prince ló ń bi mí. "Gafarou, ìrẹsì lo fẹ́ lọ kórè?"

"Orí rẹ ni mo fẹ́ fi fá."

Tàǹtí gba ọ̀bẹ náà lórí pátákó, ó fi èékánná ta á, ó gbọ́ bó ṣe dún. "Irin dáadáa ni. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ọ nà án, díẹ̀díẹ̀."

Mo mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Koko, Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Keje

Ẹrẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ̀ kalẹ̀ kí sémíjàn tó gbé mi tó lè ti alùpùpù rẹ̀ kọjá.

Ọkọ́ àti àdá gbogbo ìhín, ọwọ́ Bàbá Sadikou alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti ń jáde. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló ń ra ìwé fún mi títí mo fi jáde nílé ẹ̀kọ́ abúlé wa, kò sì sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí Pàtírọ́n ń wá ẹni tí yóò rọ ààrò irin mẹ́wàá tí a máa fi yan ẹran lọ́jọ́ ọdún, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo dá. Pàtírọ́n gbà.

Bàbá yí ọ̀bẹ náà síwá sẹ́yìn. "Irin òyìnbó nìyí. Ṣé ó ń fẹ́ iná, àbí kí n máa fi òòlù lù ú ní tútù bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, irin ni irin."

Ó fi í sínú iná, ó pọ́n bí ata. Òòlù mẹ́rin péré, ọ̀bẹ ti nà gbọọrọ. Nígbà tó tutù, àwọ̀ ọrùn àdàbà wà lára rẹ̀. N kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá kọ̀, kò gba kọ́bọ̀.

Savalou, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Keje

Kò gé.

Mo pọ́n ọn lórí òkúta títí apá fi ń ro mí. Ó gé àlùbọ́sà méjì, ó kú. Lórí tòmátì ó ń yọ̀ bí ẹni tó tẹ ilá mọ́lẹ̀. Tàǹtí gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó wo àwọ̀ àdàbà náà.

"Ta ló fi èyí sínú iná?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèpo àlùbọ́sà jọ.

"Ẹni náà ti pa á. Irú irin yìí, bó bá ti gbóná bẹ́ẹ̀, kò tún le mọ́. Fi gé bọ́tà."

Wassila ló jí mi lówó. Ọ̀bẹ burúkú ló tà fún mi.

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Keje

Kì í ṣe Wassila. Mo ti mọ̀ lánàá nígbà tí mò ń kọ ọ́.

Prince, tó mọ̀ pé mo lọ sí Koko, lọ sọ fún Pàtírọ́n pé alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ló ba ọ̀bẹ mi jẹ́. Ọ̀sán ni Pàtírọ́n wọlé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Alágbẹ̀dẹ tí kò lè na ọ̀bẹ kan ṣoṣo, òun ni mo ní kó rọ ààrò fún mi? Kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmú. Mo máa wá ẹlòmíràn ní Savalou níbí."

Ààrò mẹ́wàá. Bàbá Sadikou ti ra gbogbo irin rẹ̀.

Mo ní, "Pàtírọ́n, kì í ṣe òun. Ó bi mí bóyá kí òun fi iná sí i. Èmi ni mo ní kó fi sí i. Mi ò mọ̀, mo sì ṣe bí ẹni tó mọ̀."

"Ìwọ ni òmùgọ̀, nígbà náà."

"Èmi ni."

"Sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wọn gbọ́."

Mo sọ ọ́ sókè. Tàǹtí ń ro ọbẹ̀. Prince ń wo ilẹ̀.

Pàtírọ́n fi fóònù sápò. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àmọ́ kí n má gbàgbé ọjọ́ kẹwàá. Bí ẹni pé mo lè gbàgbé.

Koko, Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ

Òní gbẹ, ooru mú. Mo jókòó sórí igi nínú àgbẹ̀dẹ Bàbá Sadikou, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí. Ó gbé òòlù rẹ̀ kalẹ̀.

"Mo mọ̀ pé irin tí mi ò mọ̀ ni. Ó yẹ kí n kọ̀."

"Èmi ni mo tàn yín jẹ, Bàbá."

"Jẹ́ ká gé ẹ̀bi náà sí méjì, kó má wúwo jù."

Ó wọ ẹ̀yìn ahéré, ó gbé irin pẹlẹbẹ kan jáde, irú èyí tó máa ń ru ẹrù lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Ìpẹtà ti bò ó. "Èyí, mo mọ bàbá rẹ̀, mo mọ ìyá rẹ̀."

Mo ya ọ̀bẹ sára páálí bisikíìtì: bó ṣe máa gùn tó, bó ṣe máa fẹ̀ tó kí ìka má baà kan pátákó, bí irin ṣe máa gba inú èèkù dé ìdí. Bàbá wo páálí náà. "Ọ̀bẹ nìyí, àbí ọkọ̀ ojú omi?" Mo ní kó rọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti rọ nǹkan kí wọ́n tó bí mi. Mo ní mo mọ̀, kó ṣáà rọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo ń fẹ́ ẹwìrì. Àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì ti lé. Èyí àkọ́kọ́ là nígbà tó rì í sínú omi, ó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rọ òmíràn, ó rì í sínú òróró ẹ̀pà, òun kò là. Ó ní igi àyìn lòun máa fi ṣe èèkù, pé yóò bá ààrò dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fún èédú àti irin, ó ní kí n fi ìyókù wọkọ̀.

Savalou, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Ààrò mẹ́wàá dé, wọ́n dúró ṣinṣin, Pàtírọ́n gun ọ̀kan kò mì. Ọ̀bẹ mi wà láàárín wọn nínú àpò sìmẹ́ǹtì. Ó dúdú. Mo gbé e lé ìka, orí rẹ̀ fì síwájú díẹ̀, àmọ́ kò ṣubú. Mo pọ́n ọn fún wákàtí kan. Etí ojú ìwé yìí tó ti sọnù, òun ló gé e, láìfi ariwo ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ

"Kí nìyí?" Pàtírọ́n ló ń bèèrè. "Ṣé ọdẹ ló gbàgbé ẹ̀ síbí?"

"Ọ̀bẹ mi ni."

Tàǹtí gbé e lé ìka. "Ó ń fì síwájú," ó ní, "bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́." Ó fi ya itan ewúrẹ́ kan.

Ìgbà náà ni Prince gbé iṣu kan wá, ó fi ọ̀bẹ mi gé ègé kan, ó gbé e kalẹ̀, ó káwọ́ gbera. A dúró. Díẹ̀díẹ̀, ojú ègé náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí ibi tí ìwé ti jóná. Ó ní, "Irin tó ń dípẹtà máa ń ṣe iṣu bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́."

Kò parọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Pàtírọ́n nawọ́ sí ìdí ìkòkò. N kò lọ.

"Ẹ ní ọ̀bẹ gidi. Ẹ ní ti ara ẹni. Ẹ ò sọ àwọ̀."

"O ń bá mi jiyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Pàtírọ́n."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé yóò lé mi lójú ẹsẹ̀. "Ó dáa. Lọ́jọ́ ọdún, ìwọ ni kí o gé iṣu. Bí ègé dúdú kan ṣoṣo bá dé iwájú àlejò mi, má ṣèyọnu ìkòkò mọ́. Ọ̀nà Koko ni kí o gbà."

Mo ní mo gbọ́. Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ ni? N kò bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹjọ

Ní alaalẹ́ mo ń fi iyanrìn àti eérú bó ọ̀bẹ náà títí ó fi ń funfun, bí ìyá mi ṣe kọ́ wa. Ní àràárọ̀ mo gé iṣu, iṣu dúdú. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú ọ̀bẹ. Iṣu funfun, Tàǹtí tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Mo fi omi iyọ̀ gbìyànjú, ó dúdú díẹ̀, kò tó ti tẹ́lẹ̀. Prince ń kọjá, ó ń kọrin. Kó máa kọ ọ́.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

Òjò pa wá ní ìrọ̀lẹ́ àná, iná sì lọ. Ó rẹ̀ mí. N kò bó ọ̀bẹ. Mo ṣàn án, mo nù ún gbẹ, mo fi òróró pa á, mo lọ sùn. Lówùúrọ̀ ó ti ṣú, ó ní àwọ̀ eérú. Ojú tì mí, mo fẹ́ sáré wá iyanrìn, àmọ́ Tàǹtí ti ń pè mí pé kí n gé iṣu fún ẹni tó fẹ́ tètè jẹun.

Mo gé e. Mo dúró. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Iṣu funfun.

Tàǹtí wo ọ̀bẹ, ó wò mí. "O ti ń fi iyanrìn bó o?"

"Lójoojúmọ́."

"O ń bó ọmọ láwọ, o sì ní kó má ṣẹ̀jẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ọ̀bẹ náà ń dá awọ sára, èmi sì ń bó o. Gbogbo òní mo fi gé àlùbọ́sà, tèmi àti ti Prince, kí awọ náà lè le sí i. N kò ní sọ fún ìyá mi pé mi ò bó ọ̀bẹ.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹjọ

Iṣu tuntun kún ọjà. Èyí tó nípọn bí apá mi, ẹgbẹ̀rún kan. Tàǹtí kò jẹ́ kí ẹyọ kan wọ ẹnu ọ̀nà wa kí ọ̀la tó mọ́, nítorí ọjọ́ ọdún kò tíì pé.

Ọjọ́ Jímọ̀, 15 Oṣù Kẹjọ

Iṣu wọlé ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọgọ́ta. Iṣu tuntun lómi nínú ju èyí tí mo fi dánra wò lọ, ẹ̀rù sì bà mí. N kò fi hàn. Pátákó kan náà ni èmi àti Prince lò nítorí pé èrò pọ̀. Mo ń gé tèmi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun ń gé tirẹ̀ nípọn. Lẹ́yìn ègé mẹ́ta mẹ́ta mo fi aṣọ tútù nu ọ̀bẹ, mo ju iṣu sínú omi iyọ̀, mo tún gé.

"Ọwọ́ rẹ yá," Prince ní, bí ẹni tí ẹgún há lọ́fun.

"Tìrẹ náà."

A gé iṣu títí di ọ̀sán. Níta, ìlú kún, òórùn ẹran ń ta sánsán lórí ààrò Bàbá Sadikou. Mo rò pé ó ti parí.

Pàtírọ́n gba ẹnu ọ̀nà wọlé, àwo kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ègé iṣu kan wà nínú rẹ̀, ojú kan dúdú. Kò wo ẹlòmíràn. "Àlejò mi láti Parakou ló dá a padà. Kó ẹrù rẹ."

Mo wo ègé náà. Ó nípọn. Mo mọ ọwọ́ tó gé e, Prince náà sì mọ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí pátákó. Mo lè sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo kọ òótọ́ sílẹ̀ níbí. Ohun tí mo sọ ni, "Ẹ fọ́ ọ sí méjì."

"Kí ni?"

"Dúdú ọ̀bẹ, ojú iṣu nìkan ló máa ń wà. Ẹ fọ́ ọ."

Tàǹtí gbà á, ó ṣẹ́ ẹ. Dúdú náà gba inú rẹ̀ kọjá dé òdìkejì. Àìsàn iṣu ni, láti inú ilẹ̀ ló ti gbé e wá.

"Ta ló gé e tí kò rí i?" Pàtírọ́n kò tíì mú ojú kúrò lára mi.

Mo fi aṣọ tútù nu ọ̀bẹ mi. Mo lè máa nù ún bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀la.

"Èmi ni," Prince ní. "Ọ̀bẹ tèmi ni. Mi ò wò ó dáadáa."

Pàtírọ́n wò ó, ó wo àwo, ó gbé e sílẹ̀, ó ní kí la dúró ń wò, àlejò mẹ́rìnlá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

A padà sídìí iṣu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀yìn ń dùn mí. Òórùn àlùbọ́sà wà ní ìka mi, kò sì ní lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Wọ́n ti gba obìnrin kan sídìí ìkòkò, Djamila lorúkọ rẹ̀. Pàtírọ́n ka orúkọ àwọn tí yóò wà níbi pátákó títí ọdún yóò fi parí: Prince, Gafarou. Kò fi nǹkan kan kún un. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ṣiṣẹ́ fún ni.

Mo ní, "Pàtírọ́n, mò ń lọ sí Koko lọ́la. Mo fẹ́ fi ẹran ọdún ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ, èmi fúnra mi ni mo sì fẹ́ gbé e lọ."

Ó ní rárá. Ó ní àlejò ṣì pọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kúrò.

Prince ní òun máa gé ìpín tèmi. Pàtírọ́n ní òun kò bi í.

Mo ti bá sémíjàn sọ̀rọ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló máa gbé mi.